Létà ọ́fíìsì páténtì dé o, báwo lẹ ṣe ń dáhùn ẹ̀?

Àrà_Tuntun
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Mo fi ìwé ìbéèrè páténtì sílẹ̀ fúnra mi, mi ò gba lọ́yà, ó ti lé lọ́dún kan báyìí. Ìdérí ìkòkò ni mo hùmọ̀, ó ní ihò kékeré kan tí spring wà nínú ẹ̀, tí nǹkan bá ti ń hó jù ihò yẹn á ṣí fúnra ẹ̀, tó bá rọlẹ̀ á tún padà dé, ohun tó wà nínú ìkòkò ò ní ru dà sórí iná. Àná ni létà ọ́fíìsì wọlé, ojú ìwé mọ́kànlá, wọ́n ní gbogbo claim mi mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ìyẹn àwọn gbólóhùn tó sọ ohun tí mo ní kó jẹ́ tèmi, ni wọ́n kọ̀, "rejected" ni wọ́n kọ sí i. Mo kà á títí ilẹ̀ fi mọ́. Wọ́n dárúkọ páténtì méjì tó ti wà ṣáájú tèmi, wọ́n ní téèyàn bá pa méjèèjì pọ̀, tèmi náà nìyẹn. Ṣé ó ti parí nìyẹn? Ṣé kí n pè wọ́n lórí fóònù ni àbí kí n kọ ímeèlì sí ẹ̀sámínà, ẹni tó yẹ ìwé mi wò, orúkọ ẹ̀ àti nọ́ńbà ẹ̀ wà nísàlẹ̀ létà. Ọ́fíìsì Amẹ́ríkà ni, ibẹ̀ náà ni mò ń gbé.

Akọ̀wé_Fáìlì
Ẹ fọkàn balẹ̀, kò tíì parí rárá. Mo ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn lọ́yà páténtì fún ọ̀pọ̀ ọdún, èmi ni mo máa ń gba létà wọlé tí mo máa ń kọ déètì sílẹ̀, mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìwé tí wọ́n gbà wọlé ní ẹ̀ẹ̀kan péré láìkọ̀ ló ṣọ̀wọ́n. "Rejected" àkọ́kọ́ yẹn, ẹ̀sámínà ń ní kí ẹ wá ṣàlàyé ni, ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Kí ẹ tó tún ka ẹ̀sùn kankan nínú ẹ̀, ẹ padà sí ojú ìwé àkọ́kọ́, ẹ wá nǹkan méjì: ọjọ́ tí létà jáde, àti iye oṣù tí wọ́n fún yín. Fún irú létà yìí, oṣù 3 ni Amẹ́ríkà sábà máa ń fún èèyàn. Ó ṣeé fà gùn lóṣù kọ̀ọ̀kan títí dé oṣù 6, àmọ́ ẹ ó sanwó fún gbogbo oṣù tí ẹ bá fi kún un, owó yẹn sì ń ga bó ṣe ń pẹ́ sí i ni. Oṣù 6 ni òfin fi òpin sí i. Kò sí ẹ̀bẹ̀ tó lè fà á gùn kọjá ẹ̀. Tí wọn ò bá rí nǹkan kan gbà lọ́wọ́ yín títí ìgbà yẹn, wọ́n á kọ "abandoned" sórí fáìlì yín, ó di pé ẹ ti pa á tì nìyẹn lójú wọn. Ọjọ́ tó wà lórí létà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ ṣí i o. Àwọn èèyàn máa ń ṣe àṣìṣe yìí gan-an ni.

Ọ̀rọ̀ fóònù. Ẹ lè pè é, kò burú, mo tiẹ̀ fẹ́ kí ẹ pè é tó bá yá, àmọ́ ohun tí ẹ bá fẹnu sọ fún un ò dúró fún ìdáhùn. Òfin wọn sọ ọ́ kedere pé inú ìwé ni gbogbo nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀, ìlérí ẹnu, wọn ò ní wò ó. Gbèdéke á sì máa bọ̀ bí ẹ ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ lọ. Ímeèlì ńkọ́? Ẹ má fi ímeèlì dáhùn. Ẹ̀sámínà ò ní máa fi ímeèlì bá yín jíròrò lórí ìwé yín àfi tí ẹ bá ti fọwọ́ sí ìwé àṣẹ pé ẹ gbà bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá tiẹ̀ fọwọ́ sí i náà, ìdáhùn sí létà tí wọ́n fi kọ claim yín ò ṣeé fi ímeèlì ṣe. Orí Patent Center, ìkànnì tí ọ́fíìsì fi ń gba ìwé, ni kí ẹ gbé e gbà. Tó bá jẹ́ pósítì lẹ fẹ́, gbólóhùn kan wà tí wọ́n ń pè ní certificate of mailing, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ kọ déètì, ẹ fọwọ́ sí i, ọjọ́ tí ẹ fi fún pósítì ni wọ́n á fi ṣe ẹ̀rí pé ẹ ò pẹ́.

Àrà_Tuntun
Ẹ ṣeun gan-an, mo ti mí kanlẹ̀ báyìí. Mo ti rí i, oṣù 3. Mo ti kọ ọ́ sára ògiri.

Akọ̀wé_Fáìlì
Ògiri dáa, àmọ́ ẹ kọ ọ́ síbi mẹ́ta. Níbi iṣẹ́ wa èèyàn méjì ló máa ń ka oṣù yẹn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí déètì wọn ò bá bára mu, a ò ní kọ nǹkan kan sílẹ̀ àfi ìgbà tá a bá mọ ẹni tó ṣì í kà. Ẹ fi ìkìlọ̀ sórí kàlẹ́ńdà fóònù yín ní oṣù kan ṣáájú, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Kí ẹ sì ní gbèdéke tiyín tó fi ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú tiwọn, ìyẹn gan-an ni kí ẹ máa wò bí ẹni pé òun ni gidi, torí ọjọ́ tó kẹ́yìn ni íntánẹ́ẹ̀tì máa ń já, ọjọ́ yẹn náà ni káàdì tí ẹ fẹ́ fi sanwó máa ń kọ̀.

Ẹlẹ́rọ
Àrà_Tuntun ẹ kú oríire, ìdérí yẹn wù mí o. Èmi náà dáhùn létà mi fúnra mi lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó fún mi ní páténtì, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ṣe é.

Ẹ mú pépà kan, ẹ fa ìlà méjì sí i kó di òpó mẹ́ta. Ní òpó àkọ́kọ́ ẹ já claim 1 yín sí wẹ́wẹ́, nǹkan kan lórí ìlà kan: ìdérí, ihò, spring, ibi tí spring wà, ohun tó ń mú ihò padà dé. Ní òpó kejì ẹ kọ èyí tó wà nínú páténtì àkọ́kọ́ tí wọ́n dárúkọ, ní òpó kẹta ti ìkejì. Ẹ lọ wa páténtì yẹn gan-an jáde kí ẹ kà á, kì í gbówó, ẹ má gba ohun tí ẹ̀sámínà ní ó wà níbẹ̀ gbọ́ kí ẹ tó fojú ara yín rí i. Ó máa ń kọ nọ́ńbà ìpínrọ̀ àti nọ́ńbà àwòrán sí i, ẹ tẹ̀ lé e débẹ̀. Nínú létà mi kejì, ẹ̀sámínà ní rọ́bà tó ń dí omi wà nínú àwòrán 3 ti ẹlòmíì, mo lọ wò ó, rọ́bà wà lóòótọ́, àmọ́ abẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ló wà kí ẹ̀rọ má bàa yọ̀, kò kan omi rárá. Mo kọ gbólóhùn méjì péré lórí ẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ìpínrọ̀, ọ̀rọ̀ yẹn sì parí síbẹ̀.

Lẹ́yìn ìgbà yẹn lẹ tó máa mọ̀ bóyá àlàyé nìkan tó àbí ẹ máa tún claim kọ.

Gbankọgbì
Èmi ò fara mọ́ bí gbogbo yín ṣe ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ yìí. Ọkùnrin yìí lo àkókò ẹ̀, ó lo owó ẹ̀, ẹnì kan jókòó sí ọ́fíìsì ó ní òun kọ gbogbo ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sí wọn kó le dáadáa, kí wọ́n mọ̀ pé ẹ ò gbà.

Akọ̀wé_Fáìlì
Ó yé mi pé ó ń dùn yín fún un, ó sì yẹ kó dùn yín. Àmọ́ òkò àbínújù kì í pẹyẹ. Òfin Amẹ́ríkà sọ ọ́ ní tààràtà pé kéèyàn bá ọ́fíìsì ṣe pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti ìtẹríba, ìwé tó bá ní èébú nínú, wọ́n lè má fi sínú fáìlì rárá, ibẹ̀ ni gbèdéke á ti kọjá lórí èèyàn. Àti pé ẹni tí ẹ bú lónìí, òun náà ló máa ka ìwé yín lẹ́ẹ̀kan sí i. Kéèyàn má gbà ò burú, ẹ má gbà, àmọ́ ohun tó wà nínú ìwé ni kí ẹ fi já a ní koro.

Nǹkan míì tún wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí gbogbo yín fi sọ́kàn. Ẹyin lohùn. Gbogbo ohun tí ẹ bá kọ sí ọ́fíìsì páténtì máa di ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣí kà tí wọ́n bá ti tẹ ìwé yín jáde, ìyẹn sì sábà máa ń jẹ́ lẹ́yìn oṣù 18 láti ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ fi í sílẹ̀. Tí ẹnì kan bá wá ń ṣe ayédèrú ìdérí yìí lọ́dún mẹ́wàá sí i, tí ẹ pè é lẹ́jọ́, lọ́yà ẹ̀ á wú létà yìí jáde. Tí ẹ bá ti kọ ọ́ pé "tèmi yàtọ̀ torí irin ni spring tèmi", ẹni yẹn á fi ike ṣe spring tiẹ̀, ó bá yọ bọ́rọ́. Ọdún 2002 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ irú ẹ̀ nínú ẹjọ́ Festo, pé tẹ́ni tó ni ìwé bá dín claim ẹ̀ kù kí wọ́n lè fún un ní páténtì, wọ́n á kọ́kọ́ gbà pé ó ti yááfì ibi tó gé kúrò yẹn, òun ló máa wá fi hàn pé òun ò yááfì ẹ̀. Fún ìdí èyí, ẹ sọ kìkì ohun tó yẹ ní sísọ. Ohun tí ẹ̀sámínà ò bi yín, ẹ má dáhùn ẹ̀.

Gbankọgbì
Ó yé mi wàyí. Mi ò mọ̀ pé ẹlòmíì lè ka àwọn létà yẹn. Ẹ ṣeun.

Àrà_Tuntun
Mo ti ṣe òpó mẹ́ta yẹn! Páténtì àkọ́kọ́, ó ní ìdérí, ó ní ihò, kò ní spring kankan, ọwọ́ ni wọ́n fi ń sún ohun tó bo ihò. Ìkejì ní spring, àmọ́ spring yẹn wà níbi mímú ìdérí, òun ló ń gbé ibi mímú sókè kó má bàa gbóná mọ́ ọwọ́. Kò kan ihò. Ìlà mi tó sọ pé "spring wà nínú ihò", òfìfo ló wà níwájú ẹ̀ lápá méjèèjì.

Ẹlẹ́rọ
Òfìfo yẹn gan-an ni ìdáhùn yín. Ẹ wá wò ó, ṣé claim 1 yín sọ ọ́ pé inú ihò ni spring wà, àbí ó kàn sọ pé ìdérí náà ní ihò àti spring?

Àrà_Tuntun
Hẹ̀n. "Ìdérí tó ní ihò àti spring" ni mo kọ. Mi ò sọ ibi tó wà.

Ẹlẹ́rọ
Ẹ ò rí i, ẹ̀sámínà ò ṣì yín kà. Bí ẹ ṣe kọ ọ́ ló kà á. Ẹ tún un kọ kó sọ pé inú ihò ni spring wà àti pé agbára ooru tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ ló ń tì í sókè. Àmọ́ kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ẹ lọ wò ó bóyá ó wà nínú ìwé tí ẹ fi sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, yálà nínú àlàyé tàbí nínú àwòrán. Tí kò bá sí níbẹ̀ ẹ ò lè fi kún un mọ́, ìyẹn ò yí padà ní ọ́fíìsì kankan tí mo mọ̀. Tó bá wà níbẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà ìpínrọ̀ yẹn sínú létà, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀sámínà máa wá a kiri.

Bí wọ́n ṣe ń tò ó nìyí ní Amẹ́ríkà: ojú ìwé iwájú tó ní nọ́ńbà ìwé yín, orúkọ ẹ̀sámínà, déètì létà tí ẹ ń dáhùn. Claim á bẹ̀rẹ̀ lórí ojú ìwé tuntun, àlàyé á tún bẹ̀rẹ̀ lórí ojú ìwé tuntun míì. Gbogbo claim mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lẹ máa tò, títí kan èyí tí ẹ ò fọwọ́ kàn, kí ẹ kọ ipò ẹ̀ sẹ́yìn nọ́ńbà ẹ̀, "Original" fún èyí tí kò yí padà, "Currently Amended" fún èyí tí ẹ tún kọ, "Canceled" fún èyí tí ẹ yọ, "New" fún tuntun. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi kún un, ẹ fa ìlà sábẹ́ ẹ̀, èyí tí ẹ yọ, ẹ fa ìlà gbà á láàárín. Mi ò mọ èyí nígbà àkọ́kọ́, mo kàn tẹ claim tuntun láìfàlà, wọ́n dá a padà pé kò bá ìlànà mu, àsìkò sì ń lọ.

Ẹ dáhùn gbogbo ẹ̀sùn o, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó ṣe tò nínú létà wọn. Tí ẹ bá dáhùn márùn-ún tí ẹ fo ìkẹfà, ẹ ò tíì dáhùn lójú wọn. Nísàlẹ̀ ẹ fọwọ́ sí i, wọ́n gba kéèyàn tẹ orúkọ ẹ̀ sáàárín ìlà dídagun méjì, báyìí: /Orúkọ Yín/, àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ni orúkọ lẹ gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́, ẹ má ní kí ọmọ yín bá yín tẹ̀ ẹ́.

Ìyá_Ìbejì
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí ti Yúróòpù ni tèmi, ẹlòmíì sì lè wá ka ibí yìí kó rò pé bákan náà ni gbogbo ẹ̀.

EPO, ọ́fíìsì páténtì Yúróòpù, máa ń fún èèyàn ní ọjọ́ 10 tẹ́lẹ̀, wọ́n á gbà pé ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn déètì tó wà lórí létà ni létà dé, ibẹ̀ lèèyàn á ti máa kà. Wọ́n ti fòpin sí i láti ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2023. Déètì tó wà lórí létà ni wọ́n ń kà báyìí. Tí létà bá pẹ́ ju ọjọ́ 7 lọ kó tó dé ọwọ́ yín, iye ọjọ́ tó fi kọjá 7 yẹn ni wọ́n á fi kún gbèdéke yín, tó bá dé lọ́jọ́ kẹwàá ẹ jẹ́ pé ọjọ́ 3 lẹ rí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa tọ́jú àpòòwé. Mo ṣì ń rí àwọn tó ń fi ọjọ́ 10 àtijọ́ yẹn ṣírò, ẹ̀rù wọn sì ń bà mí.

Oṣù 4 ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn láti dáhùn létà àyẹ̀wò. Tí ò bá ní tó, ẹ kọ̀wé béèrè kí gbèdéke tó pé, wọ́n sábà máa ń fi oṣù 2 sí i, wọn ò sì gbowó ìyẹn. Tó bá kọjá tán, wọ́n á kọ létà míì pé ẹ ti pàdánù ẹ̀tọ́ yín, ìyẹn gan-an ò tíì burú jù, ẹ ní oṣù 2 sí i láti san owó tí wọ́n ń pè ní further processing, àmọ́ owó nìkan ò tó, ìdáhùn tí ẹ ò kọ yẹn gbọ́dọ̀ wọlé nínú oṣù 2 náà. Ẹnì kan tí mo mọ̀ sanwó, ó wá ń dúró de kí wọ́n kọ̀wé sóun. Wọn ò kọ̀wé. Ìwé ẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Ẹ tún gbọ́, gbèdéke létà tí wọ́n fi ń sọ pé àwọn fẹ́ fún yín ní páténtì, èyí tí wọ́n ń pè ní Rule 71(3), oṣù 4 ni, kò ṣeé fà gùn. Inú èèyàn máa ń dùn débi pé á gbé létà yẹn tì síbì kan. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ní owó láti san níbẹ̀, ẹ sì máa túmọ̀ claim sí àwọn èdè méjì yòókù ọ́fíìsì náà, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Jámánì ni èdè wọn.

Fáàsì ò ṣiṣẹ́ mọ́ níbẹ̀, láti ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2024. Ímeèlì náà, wọn ò gbà á bí ìwé tí èèyàn fi sílẹ̀. Ẹni tí kò gbé ní ọ̀kan nínú àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn wọn, tí kò sì ní ilé iṣẹ́ níbẹ̀, ó máa ní láti gba aṣojú tí wọ́n mọ̀, aṣojú yẹn sì ni wọ́n á máa kọ gbogbo létà sí, torí náà ẹ bá a ṣe àdéhùn pé ọjọ́ tí létà bá dé lọ́jọ́ náà ni kó fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí yín.

Ọmọ_Iṣẹ́_Ọwọ́
Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè kan. Tí létà bá jáde lọ́jọ́ 31 oṣù kẹwàá, tí wọ́n ní oṣù 4, oṣù kejì ò ní ọjọ́ 31, ọjọ́ wo ni kí n kọ?

Ìyá_Ìbejì
Ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú oṣù kejì, 28, tàbí 29 tó bá jẹ́ ọdún tó ní in. Tó bá bọ́ sí Sátidé tàbí Sọ́ńdè tàbí ọjọ́ tí ọ́fíìsì ò ṣí, á sún sí ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ṣí. Aago wọn lẹ máa wò o, kì í ṣe aago ilé yín. Tàwọn Amẹ́ríkà náà, aago Washington ni Patent Center ń lò, tí ẹ bá wà níbi tí aago yín ti pẹ́ sí tiwọn, ẹ lè máa rò pé ilẹ̀ ò tíì ṣú kí ọjọ́ ti yí lọ́dọ̀ wọn.

Arìnrìnàjò
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí ẹlòmíì má bàa bọ́ sínú ẹ̀. Mo kó kúrò nílé tí mo wà, mo kọ̀wé sí báǹkì, mo kọ̀wé sí iléeṣẹ́ iná, mi ò rántí ọ́fíìsì páténtì. Létà wọn lọ sílé àtijọ́, ẹni tó wà níbẹ̀ jù ú síbì kan. Mo rí i lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ nígbà tí mo lọ wo fáìlì mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí mo bá "abandoned" níbẹ̀. Mo jókòó, mi ò lè sọ̀rọ̀. Mo kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ pé mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, mo sanwó, mo fi ìdáhùn tó yẹ kí n ti ṣe sí i, wọ́n jí i dìde fún mi, àmọ́ owó tó bá a lọ, ó dùn mí. Ọjọ́ tí ẹ bá kó, ọjọ́ yẹn náà ni kí ẹ yí àdírẹ́sì yín padà lọ́dọ̀ wọn, bó bá sì jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti ń gba létà, ẹ yí ímeèlì yín náà. Mo máa ń wọlé lọ wo fáìlì mi lọ́jọ́ kìíní gbogbo oṣù báyìí, bóyá létà wá tàbí kò wá.

Akọ̀wé_Fáìlì
Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Ó rán mi létí pé àwọn gbèdéke kan wà tí kò sí létà tó máa wá kìlọ̀ fún yín. Oṣù 12 tí ẹ ní láti gbé ìwé àkọ́kọ́ yín lọ sí orílẹ̀-èdè míì kí déètì yín má bàa sọnù, kò sí ẹni tó máa kọ̀wé sí yín. Tó bá jẹ́ PCT lẹ gbà, àdéhùn tó jẹ́ kí ìwé kan ṣoṣo ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, oṣù 30 láti déètì àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì fún yín láti wọlé sọ́dọ̀ àwọn, EPO fún yín ní 31, ẹ̀yin lẹ máa rántí. Owó tí ẹ máa san kí páténtì lè máa wà láàyè náà, ti Amẹ́ríkà jẹ́ ọdún 3 ààbọ̀, 7 ààbọ̀ àti 11 ààbọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá fún yín. Bí wọ́n bá tiẹ̀ fi ìránnilétí ránṣẹ́, tí kò bá dé, ẹ̀yin náà ni wọ́n máa bi.

Aṣọ́nà
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣọ́ra fún létà tó wá ṣùgbọ́n tí kì í ṣe tiwọn. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí wọ́n tẹ ìwé PCT mi jáde tí àpòòwé kan dé, pépà ẹ̀ nípọn, ó ní àmì bíi ti ìjọba, orúkọ mi pé, nọ́ńbà ìwé pé, àkọlé ohun tí mo ṣe pé, déètì tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé. Wọ́n ní kí n san owó kí wọ́n lè fi orúkọ mi sínú ìwé àkọsílẹ̀ kan, wọ́n kọ nọ́ńbà àkáǹtì sísàlẹ̀, gbèdéke ẹ̀ jẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá. Díẹ̀ ló kù kí n san án. Ohun tó dá mi dúró ni pé mo wọ ePCT, ìkànnì tí èèyàn ti ń wo fáìlì PCT ẹ̀, mo wá létà yẹn nínú fáìlì mi, kò sí níbẹ̀.

Gbogbo nǹkan tó wà nínú létà yẹn, ẹnikẹ́ni lè rí i kà tí ìwé bá ti jáde. WIPO, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó PCT, fúnra wọn ń kìlọ̀ nípa ẹ̀, wọ́n kó àpẹẹrẹ àwọn létà yẹn sórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn kí èèyàn lè fi wé tiẹ̀, EPO àti Amẹ́ríkà náà ń kìlọ̀. Létà tó bá ń béèrè owó tí kò sí nínú fáìlì yín lọ́dọ̀ ọ́fíìsì, ẹ má san kọ́bọ̀.

Àrà_Tuntun
Ẹ̀yin ará, mo padà wá o. Mo béèrè fún ìjíròrò pẹ̀lú ẹ̀sámínà, fóòmù kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn fún un, mo fi claim tí mo fẹ́ tún kọ ránṣẹ́ ṣáájú kó lè rí i kà. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú la fi sọ̀rọ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń bá mi sọ̀rọ̀, ó ní kí n fi àwòrán 4 hàn òun, mo ṣàlàyé bí spring ṣe ń ṣiṣẹ́, ó ní òun rí ìyàtọ̀ náà, àmọ́ òun máa tún wá nǹkan kiri kí òun tó sọ bẹ́ẹ̀ni, kí n má fi ọ̀rọ̀ òun ṣe ìlérí. Ó ní tí mo bá lè fi kún un pé spring yẹn ò ní í fọwọ́ kan ohun tó wà nínú ìkòkò, á ràn mí lọ́wọ́. Ìyẹn wà ní ìpínrọ̀ 23 mi! Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ gbogbo ohun tá a sọ.

Akọ̀wé_Fáìlì
Ó dáa gan-an. Ẹ kọ kókó ohun tí ẹ jọ sọ sínú ìdáhùn yín náà, kúkúrú, òun náà á kọ tiẹ̀ sínú fáìlì, tí tiẹ̀ bá yàtọ̀ sí ohun tí ẹ rántí ẹ tètè kọ̀wé sọ ọ́. Tó bá kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì tó pè é ní "final", ẹ má bẹ̀rù ọ̀rọ̀ yẹn náà, ọ̀nà ṣì wà, ẹ lè sanwó kí wọ́n bá yín ṣí àyẹ̀wò sílẹ̀ padà, ẹ sì lè gbé e lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ṣùgbọ́n tó bá dé ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ san owó wákàtí kan fún lọ́yà páténtì kó bá yín wo claim yẹn. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ ṣe é fúnra yín, ẹ sì ń ṣe dáadáa, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ claim, ojú ẹni tó ti kọ ọgọ́rùn-ún rí yàtọ̀.

Ẹlẹ́rọ
Nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ. Ṣé ẹ fi ìdérí yìí sílẹ̀ ní ibòmíì? Tí ọ́fíìsì míì bá ti wá nǹkan kiri lórí ẹ̀ tí wọ́n sì rí páténtì àtijọ́ kan, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún Amẹ́ríkà, ojúṣe yín ni, ẹ má fi pa mọ́. Tí ẹ bá tètè sọ ọ́ láàárín oṣù 3 tí ọ́fíìsì yẹn kọ̀wé, ó máa ń rọrùn.

Àrà_Tuntun
Rárá, ibì kan péré ni. Mo ti kọ ọ́ tán, màá fi ránṣẹ́ lálẹ́ yìí, gbèdéke mi ṣì ku ọjọ́ 19.

Ìyá_Ìbejì
Tí ẹ bá fi ránṣẹ́ tán, ẹ má tíì pa kọ̀ǹpútà. Risíìtì máa jáde, ẹ wà á sílẹ̀, ẹ ṣí i, ẹ ka iye fáìlì àti iye ojú ìwé tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi wé èyí tó wà lọ́wọ́ yín.

Àrà_Tuntun
Màmá, ọwọ́ yín ni mo wà o. Mo ka risíìtì, claim ojú ìwé 3, ó pé. Àlàyé, wọ́n kọ ojú ìwé 4, márùn-ún ni tèmi. Mo ṣí PDF tí mo gbé sókè, ojú ìwé tó kẹ́yìn ò sí níbẹ̀, èyí tí mo fọwọ́ sí gan-an, ìgbà tí mo ń yí i sí PDF ló já. Mo ti tún gbogbo ẹ̀ fi ránṣẹ́ lálẹ́ yìí kan náà, mo kọ ọ́ síwájú ẹ̀ pé òun ló rọ́pò ti àkọ́kọ́ àti ìdí ẹ̀. Risíìtì kejì ti wọlé ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú 12, márùn-ún ló wà lórí ẹ̀, orúkọ mi sì wà láàárín ìlà méjèèjì.